Orí Tó Gbéra fún Anselmo

Màlúù ni nǹkan tí Anselmo ọkọ mi pè ní òjìji. Kí n fi ìyẹn lélẹ̀ ná kí n tó sọ ohun mìíràn. Ó dúró gbangba sáàárín ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pupa, ó sanra, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ọkọ̀ wa sì ń bọ̀ tààrà sí i. Mo pariwo, "Anselmo, màlúù!" kó tó tẹ bíréèkì. Ìkòkò kọfí fò láti ẹ̀yìn wá bá wa níwájú, tòtílà mi, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí mo dì fún ọ̀nà, sì fọ́n ká sílẹ̀.

"Òjìji igi ni," ló wí.

"Òjìji tó ń ju ìrù?"

Màlúù náà wò wá tán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù ni Anselmo ti ń wa ọkọ̀ tòmátì láti Sonora kọjá ẹnubodè wọ Arisónà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò lè jókòó sílé, ló bá ra ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú, ó sọ ọ́ ní Ahun, torí ó ń gbé ilé rẹ̀ rìn. Lọ́dọọdún la máa ń gbé Ahun kúrò ní Nogales, ìlú wa, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí àwọn fàdá ará Sípéènì kọ́ sínú aṣálẹ̀, láti lọ kí Fransisko Mímọ́. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ère rẹ̀, ó nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ó da aṣọ bora. Kò sí ọmọ wa tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí i. O óò ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọrùn rẹ̀, o óò gbé orí rẹ̀ sókè. Bí ọkàn rẹ bá mọ́, á gbéra. Bí o bá ń fi nǹkan pamọ́, géńdé mẹ́wàá ò lè gbé e. Ìyá mi gbé e, ìyá ìyá mi náà gbé e.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí kùrukùru ti ń bo ojú Anselmo. Dókítà ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́, kó má wakọ̀ mọ́. Etí mi ló ṣe. Etí tirẹ̀ náà gbọ́, àmọ́ etí ọkọ mi ní ilẹ̀kùn. Nígbàkúgbà tí mo bá ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, èsì rẹ̀ kì í yẹ̀: "Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kó kúkú gbẹ́ sàréè mi mọ́ ọn." Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń bẹ̀rù kó má pa àwa méjèèjì, mo sì ń bẹ̀rù jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má pa ọmọ ọlọ́mọ létí títì.

Láàárọ̀ ọjọ́ màlúù yẹn, lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń ṣa tòtílà nílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Anselmo sọ̀rọ̀.

"Lala, jẹ́ ká gbé ẹjọ́ yìí lọ bá Fransisko. Bí orí rẹ̀ bá gbéra fún mi, o ò gbọdọ̀ dárúkọ kọ́kọ́rọ́ mọ́ títí n ó fi kú."

"Bí kò bá wá gbéra ńkọ́?"

"Màá gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀."

"Níwájú ẹni mímọ́?"

"Níwájú ẹni mímọ́ àti gbogbo àwọn ìyá tó ń ka ròsárì."

Mo gbà. Ká sòótọ́, inú mi dùn. Ẹni tó ń pe màlúù ní òjìji, ọkàn mímọ́ wo ló fẹ́ gbé lọ síbẹ̀?

Nígbà tá a débẹ̀, èmi ni mò ń sọ "ọ̀tún díẹ̀, ó tó" kó tó rí ọkọ̀ náà gbé sábẹ́ igi. Leonarda, ìyá kan nínú ẹ̀yà O'odham, àwọn onílẹ̀ aṣálẹ̀ náà, tó ń dín búrẹ́dì lábẹ́ àtíbàbà, ti rí wa lókèèrè.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ahun yìí ò tíì kú?"

"Ó ń rìn," Anselmo dáhùn.

"Ẹni tó ń wà á ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì tutù, ó ń rùn fún àbẹ́là. A tò sórí ìlà, èmi síwájú, òun lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ti fi pín-ìnnì kan nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi páànù ṣe mọ́ aṣọ ẹni mímọ́: ẹsẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ọmọ fún ẹni tó ń wá ọmọ. Mo yọ ojú páànù méjì tí mo fi pamọ́ sínú àpò mi, mo kàn án mọ́ ọn láyà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. "Baba mi," mo ní, "ẹ wúwo fún un. Ẹ wúwo bí ìyá ọlọ."

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọrùn rẹ̀. Kò mira. Mo fi ọwọ́ kejì kún un. Ó dì gbagidi.

"Ìyá arúgbó," Anselmo ń sọ lẹ́yìn mi, "àṣé o ò jẹun láàárọ̀?"

"Dákẹ́ jàre."

"Àbí nǹkan wà tí o ò fẹ́ kí ẹni mímọ́ mọ̀?"

Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àdúrà mi ti gbà, àmọ́ ẹni mímọ́ ò dúró de ẹni tí mo gbà á fún.

Anselmo ṣí fìlà. Ó tẹ̀ ba, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú ẹni mímọ́, ó sì gbé e. Orí náà gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbé e dání títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń kùn. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó fẹnu ko aṣọ náà, ó jáde láìwo ojú mi.

Inú bí mi sí ẹni mímọ́. Ṣé kò mọ̀ pé èmi ni mò ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí lójú títì ni? Mo ra búrẹ́dì olóyin lọ́dọ̀ Leonarda, mo lọ bá Anselmo lórí bẹ́ǹṣì, mo ń retí kó fọ́nnu. Kò fọ́nnu. Èmi ni mo kọ́kọ́ là á.

"Ó dáa. Ó gbéra. N ò ní dárúkọ kọ́kọ́rọ́ mọ́."

Ó nu oyin ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára bẹ́líìtì, ó gbé e síwájú mi.

"Kí lèyí? Ṣebí ìwọ lo borí."

"Ó gbéra, Lala. Ó fúyẹ́ bí orí ọmọ wa lọ́jọ́ tá a gbé e wálé. Inú mi dùn. Mo ní kí n wo ojú rẹ̀ kí n dúpẹ́." Ó fi àtàǹpàkò ti kọ́kọ́rọ́ náà sún mọ́ mi. "Mo sún mọ́ ọn débi pé mò ń gbóòórùn igi lára rẹ̀. N ò rí ojú rẹ̀. Òkùnkùn ni mo rí níbi tí imú rẹ̀ yẹ kó wà."

Ohun tí mò ń wá látọjọ́ yìí rèé nílẹ̀ níwájú mi, ẹkún ló gbà mí lọ́wọ́.

"Màlúù ni, àbí?" ló bi mí.

"Màlúù ni."

Èmi ni mo jókòó sídìí sítíárìn. N ò wa ohun tó tóbi ju ọkọ̀ tí mo fi ń lọ ra ẹran rí, Ahun sì ń rápálá bí orúkọ rẹ̀. Anselmo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń wá bíréèkì kiri.

"Kí ló wà níwájú?" ló bi mí nígbà tó yá.

Mo sọ fún un: òkè tó ń pọ́n lọ́wọ́ òsì, igún kan lórí òpó, ọ̀nà tó mọ́ lóló.

"Kò sí màlúù?"

"Kò sí."

"Wò ó dáadáa o," ni ọkọ mi wí. "Òjìji pọ̀ lójú ọ̀nà yìí."