Ọwọ́ Inú Owó

"Tún un kà," ni Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì wí.

Kékeré, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tún gbé fóònù sún mọ́ ojú. Inú yàrá pákó tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wà, yàrá tó há débi pé bí ọ̀kan bá mí, èjìká èkejì a gbọ́. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní èbúté, kò sí èrò lójú fèrèsé. Ó kà á bó ti kà á lákọ̀ọ́kọ́:

"'Mi ò jẹ ọ́ ní gbèsè. Gbogbo ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, tèmi ni. Mo ti gbọ́ nípa irú àwọn èèyàn bíi tìrẹ. Ojú ń tì mí pé mo pè ọ́ ní ọ̀rẹ́. Má kọ̀wé sí mi mọ́.'"

"Ta ló bá a sọ̀rọ̀ gbèsè?"

"Èmi náà ò mọ̀, Màámi."

"Àbí ẹ̀rọ yẹn ló tún bẹ̀rẹ̀ wèrè rẹ̀?"

Ẹ̀rọ tó wà nínú fóònù ló ń bá wọn túmọ̀. Yóò sọ ọ̀rọ̀ wọn di èdè Bàbá Rélùwéè, yóò sì sọ ti Bàbá Rélùwéè di èdè tiwọn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é, "ìwọ" àti "ọ́" ló fi ń bá Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, odindi ìyá àgbà, bí ẹni pé wọ́n jọ yí nínú iyẹ̀pẹ̀ nígbà èwe. Ìyá máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Á ní ẹ̀bi Bàbá Rélùwéè kọ́, ẹ̀rọ ni wọn kò kọ́ nílé. Lọ́jọ́ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

Ta ni Bàbá Rélùwéè? Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó ti wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì, ní orílẹ̀-èdè kan lókè òkun tí Ìyá kò lè pe orúkọ rẹ̀ kó já geere. Wọn kò fojú kan ara wọn rí. Owó onírin ló pa wọ́n pọ̀. Àwọn èèyàn kan wà káàkiri ayé tó jẹ́ pé owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ. Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe ti ayé ọba pẹ́pẹ́pẹ́. Èyí tí èèyàn fi ń ra búrẹ́dì láàárọ̀ tí wọ́n sì fún un ní ṣéńjì rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Wọn kì í tà á, pípààrọ̀ ni. Èmi á mú ẹyọ kan nínú èyí tí à ń ná níbí, n óò fi bébà wé e kó má baà máa pariwo nínú àpòòwé, n óò fi ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ náà á fi ẹyọ kan tiyín dá mi lóhùn.

Àlejò kan ló fi í hàn wọ́n. Ó dé ojú fèrèsé, ó ń bẹ Ìyá pé kó jẹ́ kí òun ṣa owó nínú àpótí tíkẹ́ẹ̀tì, òun á fi owó bébà dípò rẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rín in títí. Wọ́n ní ẹ wá wo ẹni tó sọ bébà sílẹ̀ tó ń gbá irin mọ́ra. Kékeré ló sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọkọ̀, àlejò sì fi ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn án. Eré ni Ìyá fi ṣe nígbà náà. Á máa fi ẹyọ yìí pààrọ̀ tọ̀hún, á máa sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ pé òun ti ní ọ̀rẹ́ ní ibi tí ọkọ̀ tiwọn kò lè gbé wọn dé.

Àfìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ dákẹ́.

Aláròyé ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí láti kékeré ni ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ lókè òkun, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, ó ń pè láti ìlú dé ìlú. Ìgbà ìkẹyìn tó pè, ó ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin lòun wà. "Màámi, òtútù ibí yìí ń sọ èdè. Ẹ jẹ́ kí n ra nǹkan jẹ, n óò padà pè yín." Ìyá gbọ́ ohùn ẹni tó ń tajà, ó sì gbọ́ bí ṣéńjì ṣe ń bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀, owó onírin, kan lórí èkejì. Ìpè náà já síbẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta. Kò sí ọ́fíìsì tí wọn kò lọ. Gbogbo wọn ló ní àwọn á pè wọ́n.

Ọjọ́ kan ni Ìyá ṣàdédé pe Kékeré, ó ní, "Nínú àwọn olówó onírin yẹn, bá mi wò ó bóyá ẹnì kan wà ní ìlú tí Aláròyé ti pè kẹ́yìn." Ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Bàbá Rélùwéè ni.

Ìyá kò sọ ti inú rẹ̀ fún un. Ó mọ bó ṣe máa ń rí bí ẹni téèyàn kò mọ̀ rí bá gbé ẹkún ka èèyàn mọ́lé. Ó ní kí bàbá náà kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n ná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀. Ohun tó sì máa ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó fún òun ní àwọn tí wọ́n ti ná dáadáa, tó ti dúdú, tí wọ́n fi fún un ní ṣéńjì níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì tàbí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ya Bàbá Rélùwéè lẹ́nu. Lójú àwọn akówójọ, owó tó níyì jù ni èyí tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn látìgbà tí wọ́n ti rọ ọ́. Etí rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un, bí ẹni mú ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ó rò pé ìyá náà kò mọ̀ ni, nítorí náà, nínú gbogbo àpòòwé, á fi ẹyọ kan tó ń dán yanran sí i, láti fi yẹ́ ẹ sí.

Àwọn ọmọ Kékeré ni Ìyá ń fi èyí tó ń dán fún ṣeré. Àwọn tó dúdú ni yóò kó sí àtẹ́lẹwọ́, yóò pa ọwọ́ dé, yóò jókòó.

"Kí lò ń wá nínú ẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan.

"Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti kan ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí."

Bàbá dìde, ó bọ́ sí àgbàlá. Akunlé ni, ọ̀dà ti ba àyà rẹ̀ jẹ́, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Kò fi ara mọ́ ọ̀rọ̀ owó yìí, ṣùgbọ́n kò bá a jà sí i.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá, tó ń ṣe káfíńtà, ni olórí ẹbí. Ó wá sílé wọn, ó jókòó, ó ní ohun tí gbogbo wọn ń sá fún lòun wá sọ. Ó ní ọmọ náà ti lọ. Ó ní kí wọ́n pe ara wọn jọ, kí wọ́n ṣe àdúrà fún un bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó ti kú, kí wọ́n ṣí yàrá rẹ̀ kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀. Bàbá tẹrí ba, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ló kọ̀. Ó ní òun kò ní ṣe òkú ọ̀fọ̀ ẹni tí òun kò rí òkú rẹ̀. Ó bẹ káfíńtà pé kó fún òun láyè díẹ̀, òun ti fẹ́ bẹ Bàbá Rélùwéè. Bó bá gbà, àwọn á fi àwòrán ọmọ náà ránṣẹ́, á mú un lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹni tó wa ọkọ̀ níbẹ̀ títí tó fi darúgbó kò lè ṣàì mọ ẹni tí yóò bi. Káfíńtà mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa, kí àwọn dúró de èsì bàbá náà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ òpin ìdúró.

Èyí náà sì ni èsì tó dé yìí.

"Ka ohun tí o kọ sí i fún mi," ni Ìyá wí.

Kékeré rántí ọjọ́ náà. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, ọwọ́ kan wà nínú irun oníbàárà, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ ohun tí Ìyá ń sọ. Ó kà á: "'Ọwọ́ ọmọ mi ni mo ń wá nínú owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ìlú yín ló ti sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a.'"

"Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

"Mi ò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, Màámi."

Ó tún un kà, wọn kò rí ibi tí èébú wà. Wọ́n kọ òmíràn sí bàbá náà, wọ́n ní kó má bínú, kó sọ ohun tí àwọn ṣe. Kò lọ. Ó ti tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kò pẹ́ tí Kékeré fi rí i pé wọ́n ti fi àmì pupa kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn ní ojúde àwọn akówójọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé lè ṣọ́ra. Obìnrin kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, kọ̀wé pé kí wọ́n dá ẹyọ owó òun padà.

Nígbà tí wọ́n délé lọ́sàn-án, Bàbá ní kí wọ́n gbé fóònù náà fún òun. Ó fi awò sójú. Ìgbà tó dàgbà ló tó kọ́ ìwé kíkà, ìró kọ̀ọ̀kan ló máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ lé èkejì.

"'Owó ọmọ mi,'" ló kà, "'ni mo ń wá nínú owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́...'"

Ó dúró. Kékeré, tó ń bu omi, gbé ife náà kalẹ̀.

"Ọwọ́ ni, Bàbá. Mi ò fi àmì sí i ni. Èmi kì í fi àmì sí i lórí fóònù."

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ ni. Èmi ni mo bí i. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbí, owó ni." Ó sì kà á parí, kò gbé ohùn sókè: "'Ìlú yín ló ti sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a.'"

Bí ó ti kà á yẹn, ẹni tó wá sin owó ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Kékeré ti kà á léraléra, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ohun tó wà níwájú ni ẹ̀rọ rí ní tiẹ̀.

"Àmì wo?" ni Ìyá béèrè. Kò mọ̀wé ju nọ́ńbà ara tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Kékeré fi han án lórí bébà. Ẹ̀kán kan lábẹ́ lẹ́tà yìí, ẹ̀kán kan lábẹ́ tọ̀hún.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, Màámi."

Ìyá wo bébà náà. Kò bú ọmọ rẹ̀. Ì bá bú u, ì bá sàn fún àwọn méjèèjì. Nígbà tó rí i tí omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní kó nu ojú, kó máa lọ, oníbàárà ń dúró dè é.

Wọ́n ṣì gbìyànjú. Àdírẹ́sì bàbá náà wà lẹ́yìn àwọn àpòòwé àtijọ́. Obìnrin kan tó ń ta oògùn nítòsí èbúté gbọ́ èdè ọ̀hún, kì í ṣe ti ẹ̀rọ, òun gan-an ló gbọ́ ọ. Ó jókòó tì wọ́n, ó bá wọn kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi àwòrán Aláròyé sí i, èyí tó ti ya ẹnu sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Ìyá ní kí wọ́n má fi owó kankan sínú rẹ̀, kí bàbá náà má baà rò pé òwò ni.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ọwọ́ pe Ìyá láti òdìkejì títì. Àpòòwé tiwọn ni, wọn kò ṣí i. Ẹnì kan kọ nǹkan sójú rẹ̀. Ìyá kò mọ ohun tó kọ, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé tó lọ gbọọrọ bí irin tí rélùwéè ń gbà, tó ti ń rí láti ìgbà yìí wá. Síbẹ̀, ó mú un tọ obìnrin olóògùn lọ. Ìyẹn wò ó, ó ní, "Ìyá, wọ́n ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín." Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi lọ.

Nígbà tó délé, ó gbé àpòòwé náà lé itan ọkọ rẹ̀. Bàbá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín," ni Ìyá wí. "Ẹ ní kí wọ́n mú ọjọ́."

Bàbá, ẹni tó ti ní bẹ́ẹ̀ ni lójú káfíńtà, rọra gbé àpòòwé náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kò sí ìkánjú ńbẹ̀. Ìlú ọ̀hún tóbi. Ẹlòmíì lè wà níbẹ̀ tó ń kówó jọ."

"Wọ́n ti fi àmì pupa sí wa lára."

"A ó fi orúkọ tèmi ṣe é. Èmi náà lè kọ́ ọ. Kí ni wọ́n ń fi wé e, bébà lásán ṣebí?"

"Bàbá wa, ẹ pè wọ́n."

"Ṣé ọkàn rẹ ti gbà pé ọmọ yẹn ti kú ni?"

"Rárá," ni Ìyá wí. "Ó rẹ̀ mí ni."

Bàbá gbé fóònù, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyá gbọ́ tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó béèrè orúnkún wọn. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè pákó tí òjò pa, bóyá ó ti gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ohun kan tí ìyẹn sọ. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó ká ọwọ́ lé itan, ó ń dúró kó dé orí ọ̀rọ̀.