Ṣakabùlà Inú Páálí

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ohun tó wá nínú páálí kò lè di ìbọn, ẹ ní kó wá sọ ọ́ lójú èmi Lorraine Kistler. Inú abà mi ní Berks, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania níhìn-ín, ni mo ti ń to ṣakabùlà láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà láyé, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ kò ka ṣakabùlà kún ìbọn. Ẹ lè rà á ní wẹ́wẹ́, kí ẹ tò ó lórí tábìlì ìjẹun yín, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí ni Delmar, ọkọ ọmọ mi, gbọ́ tó rọ̀ mọ́. Delmar jalè ní ṣọ́ọ̀bù kan nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ṣẹ̀wọ̀n, láti ọjọ́ náà ni òfin ti ní kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn mọ́. Ó ti yíwà padà pátápátá. Èmi gan-an ni mo ní kí ọmọ mi fẹ́ ẹ.

Ó gbé páálí ṣakabùlà kan tó rà wọ abà mi, eyín rẹ̀ gbogbo wà níta.

"Mama, ẹ wò ó. Èyí kì í ṣe ìbọn o. Mo ti bèèrè dáadáa."

"Ta lo bi?"

"Àwọn tó tà á fún mi."

"Ẹlẹ́ran lo wá bi bóyá ẹran rẹ̀ ti rà."

"Ìjọba àpapọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, Mama."

"Ìjọba àpapọ̀ ti sọ tiwọn. Ti ìpínlẹ̀ wa ńkọ́? Níbí, bí ẹni tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ bá ní ṣakabùlà tó ṣeé yìn, ìbọn ló ní yẹn. Ẹ̀wọ̀n lo gbé sí abíyá yẹn, Delmar. O sì tún ń rẹ́rìn-ín."

Ó jókòó sórí àpótí. "Bàbá mi máa ń mú mi lọ sígbó ní ọjọ́ kejì Kérésì, nígbà tí wọ́n máa ń fi ṣakabùlà ṣọdẹ. Mo fẹ́ mú Tessa ọmọ wa lọ bẹ́ẹ̀. Ṣé èyí náà ni mo máa fi san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ mi ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi. Ṣùgbọ́n àánú ìyá ìyàwó ò lè gba èèyàn lọ́wọ́ adájọ́. Mo pe lọ́yà mi lójú ẹsẹ̀, ohun tí mo sọ náà ló tún sọ, ó kàn fi gírámà bò ó ni.

Mo bá pàṣẹ. Ọ̀pá irin àti ẹ̀rọ ìṣáná rẹ̀ kò ní kúrò nínú abà mi, èmi ni mo máa tì í pa. Igi ìdí rẹ̀ ni kí Delmar gbé lọ sílé kó máa gbẹ́, torí igi, igi ni. Tó bá gbẹ́ ẹ tán, èmi ni n ó tò ó pọ̀, yóò di ti Tessa ọmọ rẹ̀, ilé mi ni yóò sì máa sùn.

"Tí mo bá ti lu ihò ìṣáná rẹ̀ báyìí," ni mo wí, "ìbọn ló dà yẹn, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Bó bá já sódò, jẹ́ kó máa lúwẹ̀ẹ́."

Ó gbẹ́ ewé igi óákù sára igi náà. Èmi kì í yin èèyàn, àmọ́ mo gbé igi yẹn lọ sójú fèrèsé kí n lè tún un wò.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì Kérésì, yìnyín bo gbogbo igbó. Delmar ń rìn lọ́wọ́ òfìfo láti lé àgbọ̀nrín síwájú wa, Tessa gbé ìbọn rẹ̀. A dé ibi ọgbà wáyà kan, mo sì kọ́kọ́ gùn ún kọjá. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé a kì í gbé ìbọn gun ọgbà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ lo máa gbé e fún. Èmi ni mo fi kọ́ Tessa, bẹ́ẹ̀ ni n kò rántí pé bàbá rẹ̀ ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dádì, ẹ gbà á."

Lẹ́yìn wọn, ẹ̀ṣọ́ igbó kan jáde láàárín igi, ó dúró, ó ń wò wá.

Ọwọ́ Delmar ti jáde tán. Mo rí i. Ó bá fà á padà, ó kó méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí tíṣà fẹ́ nà lọ́wọ́.

"Gbé e sílẹ̀, Tessa. Kọjú ẹ̀ síbòmíì, kó o tó gun ọgbà."

Ẹ̀ṣọ́ igbó sún mọ́ wa. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ò gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ yín? Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ni?"

"Wọ́n kọ́ mi, sà. Mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ojú ọmọ rẹ̀ ló ti sọ ọ́, kò sì tẹrí ba.

Ọkùnrin náà wo ìwé àṣẹ ọdẹ wa. Ó gbé ìbọn, ó yí i wò, ó wá fi àtàǹpàkò tọ ipa ewé óákù yẹn díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló gbẹ́ eléyìí?"

"Èmi ni," Delmar dáhùn. "Nígbà tó ṣì jẹ́ igi."

Ẹ̀ṣọ́ igbó dá ìbọn padà fún Tessa, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì bọ Delmar lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé n kò rántí jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni títí a fi délé.