Ọ̀gá Ṣódípẹ̀ Pè Mí sí Àjà Kẹfà

Ẹ jẹ́ n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán, kí ẹ wá fetí sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ èmi àti Ọ̀gá Ṣódípẹ̀ ni, ó sì ń dùn mí.

Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ tí ẹ bá àwọn atakáàdì wá wòran, tí ẹ ò mọ bríìjì, ẹni méjì-méjì là ń ta á. Ẹnìkejì rẹ jókòó sí ọ̀kánkán rẹ, o ò rí káàdì ọwọ́ rẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Ìpè lẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀. Ìpè ń gòkè láti orí kìíní dé ìkeje. Ẹni tó bá gbójú gbóyà pè dé ìkẹfà, tó sì jẹ méjìlá nínú ẹ̀ẹ̀mẹtàlá tí a máa ń ju káàdì sílẹ̀, sílámù ló gbà yẹn. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Ọ̀gá ti ń ta á pọ̀. A ò pe sílámù rí.

Ọ̀gá ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ wá kó o lọ sí Ìlọrin pátápátá, ìdíje òní ni ìkẹyìn wa. Lánàá, nígbà tí à ń dánra wò, mo pe súpéèdì, ọ̀kan nínú àwọ̀ káàdì mẹ́rin, ní orí kìíní. Ọ̀gá pe méjì aláìláwọ̀, ìpè tí kò dárúkọ àwọ̀ kankan. Àdéhùn wa ni pé ìpè yẹn kì í ṣe ti ẹnu lásán: súpéèdì mẹ́rin wà lọ́wọ́ òun náà, káàdì ọwọ́ òun sì lágbára, kí n sọ bí tèmi ṣe rí, ká jọ máa gòkè. Káàdì tó lágbára kún ọwọ́ mi fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ojú bàbá tó ti nà mí lẹ́gba rí, mo ní ó kàn ń ṣàánú mi ni, mo bá fò sí mẹ́rin. Ìyẹn ni pé n ò ní nǹkan kan, ká dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré ni ìpè mẹ́rin ní ká jẹ, àwa jẹ méjìlá. Ọ̀gá kó káàdì jọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, "Adégbuyì, ṣé báyìí la máa ṣe é títí màá fi lọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sùn.

Ni mo bá bá ara mi ní kíláàsì kẹrin, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tòun ti irùngbọ̀n mi. Àwọn tó jókòó tì mí kì í ṣe ọmọ, káàdì ni wọ́n, wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé. Ọba Dáyámọ́ǹdì tó wà lọ́wọ́ mi lánàá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n yá òun ní pẹ́ńsùlù, mo sì yá a. Ọ̀gá kọ "méjì aláìláwọ̀" sójú pátákó. Bó ṣe kọ ọ́ tán, kíláàsì já kúrò nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí ìpè náà wí ṣáà nìyẹn. Mo kàn ń rò ó pé ta ló máa pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí Odò Ògùn ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà nísàlẹ̀, a dé àjà kẹrin. Mo ní mo ti débi tí mò ń lọ, mo bọ́ sílẹ̀. Ọba Dáyámọ́ǹdì rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ní ṣé kí òun lè jókòó lásán ni mo ṣe gbé òun wá láti ilé. Mo ní kó ṣe sùúrù, àgbà ló wà níwájú.

Ọ́fíìsì ìjọba ló wà ní àjà kẹrin. Kò ní ilẹ̀, orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n to tábìlì sí. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ń bó ẹyin sísè. Ọ̀gá àgbà wọn, tó so táì pupa, wò mí, ó ní kí n wá jẹun. Mo ní, "Á gba ibi ire, sà," bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ojú ọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì, irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ó sì di òbúkọ. Ó jẹ ẹyin náà tèèpo-tèèpo, ó sì jẹ fáìlì mi tẹ̀ lé e. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìkejì náà pè mí, mo tún dúpẹ́, òun náà di òbúkọ. Ẹ̀kẹta jẹ́ obìnrin onígíláàsì. Ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹyin náà síwájú mi, ó ní, "Arákùnrin, mo ní ọmọ nílé. Ẹ dákun, ẹ jẹ ẹ́." Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo ní, "Á gba ibi ire, mà." Ó di ewúrẹ́. Inú mi sì dùn pé mo hùwà ọmọlúàbí.

Mo gbójú sókè báyìí, Ọ̀gá ni mo rí lójú fèrèsé àjà kẹfà. Tábìlì kan, àga méjì, òun nìkan. Ó ní kí n máa bọ̀. Mo ní ẹ ṣeun sà, mo ti yó. Inú mi dáhùn sókè pé irọ́ ni, àwọn ewúrẹ́ sì bojú wo ibòmíràn nítorí ìtìjú. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún dúpẹ́. Nígbà tó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, ó sì ń fọwọ́ nu àga kejì bí ẹni tó fẹ́ kó o wọlé. Ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ mí lára. Bàbá yìí ò ṣàánú mi o, ó ń dúró dè mí ni. Mo sáré lọ síbi àtẹ̀gùn, àwọn ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ tán. Mo ní kí n kígbe pé mò ń bọ̀, sà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "mẹ̀ẹ̀ẹ́."

Mo jí. Ìyàwó mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí. Ó ní bí mo bá ti ké tán, kí n lọ wẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́.

Mo lọ fi mọ́tò gbé Ọ̀gá. Nígbà tí a dé Láfẹ́nwá, ó ṣí abọ́ kékeré tó máa ń gbé dání, ó ní, "Adégbuyì, wá jẹun." Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wí bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò mi, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ní á gba ibi ire, n ò sì wo inú abọ́ náà rí. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa mọ́tò, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀gá gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Ẹyin sísè méjì ló wà níbẹ̀, àti iyọ̀ tí wọ́n dì sínú bébà, ìdì méjì. Mo bi í pé ṣé ẹyin méjì ló máa ń jẹ láàárọ̀.

Ó ní, "Dókítà ò jẹ́ kí n jẹ ju ẹyọ kan lọ. Mo máa ń gbé ìkejì padà sílé ni."

Wọ́n ti ń pè wá sídìí tábìlì, eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi di ife omi yìí mú. Ọ̀gá ti jókòó, ó ń wo ọ̀nà mi.