Ẹrù Tí Mo Fi Orí Rù Wọlé

Mo fi Allah búra, ó ṣẹlẹ̀. Orí mi pé. Àlá kọ́. Ayman pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán gangan yìí, ó sọ̀rọ̀ irun Fatihah, ó sì pa fóònù . . .

Irun. Ta ló rí irun?

Ẹ wò ó — ta ni mo tilẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀? Fatihah, ọmọ àbúrò mi, kì í yọjú síta láìwọ híjáàbù. Láti ìgbà tó ti sá kúrò nílé Ayman ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó wá fara pamọ́ sọ́dọ̀ mi ní Ayépé níbí, kò kọjá ìdí kànga ẹ̀yìnkùlé. Àná ló gé irun. Nínú pálọ̀ yìí. Irun tí Ayman máa ń wé mọ́ ọwọ́ kó tó máa lù ú. "Bàbá Onílọ́rì, kò ní rí nǹkan dì mú mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tó ti dé.

Ta ló wá tú àṣírí? Síkírù onílé? Síkírù kì í wọlé wa. Àbí èmi . . . rárá o. Ẹnu mi kì í jò. Mo wa lọ́rì dé Kánò, mo wà á dé Àgádésì, ọlọ́pàá bi mí, olè bi mí, mi ò sọ. Ṣebí mo mọ bí wọ́n ṣe ń wá èèyàn. Ẹnìkan ló máa ń sọ. Ẹnìkan —

Kò sí ẹnìkan. Èmi àti òun. Àti . . .

Kò sí dígí nílé yìí. Iwájú tẹlifíṣọ̀n ló jókòó sí gé e, ó ń wo ara rẹ̀ nínú ojú dúdú ẹ̀rọ náà.

Tẹlifíṣọ̀n.

Dúró ná. Ẹrù ìyàwó ni. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún un. Lọ́jọ́ tó sá, tí a yọ́ kó ẹrù rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Mo jágbe mọ́ ọn. "Ẹrù ọmọ wa kì í kù sílé ẹni tó ń lù ú!" Orí ara mi ni mo fi rù ú. Bí ọkùnrin! Nígbà tó so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀, àkáǹtì Ayman ló ṣì wà lórí rẹ̀. Fatihah ní, "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, àwọn fíìmù mi wà níbẹ̀." Mo ní ó dáa.

Ó dáa! Èmi tí Ayman fọ́nnu fún lọ́jọ́ Iléyá, tí Fatihah wà ní kíṣìnnì. "Bàbá, bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, tẹlifíṣọ̀n yìí ló ń bá mi ṣọ́ pálọ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń rí lórí fóònù mi." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ju ẹran sẹ́nu.

Ojú kámẹ́rà rẹ̀ nìyẹn lókè, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. A pa á, iná pupa rẹ̀ kò kú. Èmi ló ń wò. Ó ń wo fèrèsé tó wà lẹ́yìn mi, pẹ̀lú ilé gogoro mọ́ṣáláṣí Ayépé tí kò sí ará Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ ọ́n . . . Bí mo bá fi aṣọ bò ó, yóò mọ̀ pé mo ti mọ̀. Bí mi ò bá bò ó —

Ilẹ̀kùn yàrá ń dún. Fatihah ń jáde bọ̀, kò borí.

Ẹnikẹ́ni kò sọ. Èmi ni mo rù ú wọlé.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un pé irun tó gé yẹn yẹ ẹ́."

Ohun tí Ayman sọ gbẹ̀yìn nìyẹn kó tó pa fóònù. Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un pé irun tó gé yẹn yẹ ẹ́.