Ohun Tí Sàúdátù Gbìn

Sàúdátù wọ inú oko, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbá ìdí ẹ̀gẹ́ kan mú, ó fà á tu terùpẹ̀-terùpẹ̀, ó sì jù ú sẹ́yìn. Ẹ̀gẹ́ náà kò tíì tóbi ju ọmọ ìka lọ.

"Ìyàwó, ṣé orí ẹ pé?" Mùsáfírù, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Agbádá funfun ló wọ̀. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá agíríìkì ń kó àwọn àgbẹ̀ Ifọ̀ bọ̀ wá wo bí àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí ṣe lè jọ wà lórí ilẹ̀ kan kí ilẹ̀ má ṣá. Oko Mùsáfírù ni wọ́n ń pè é.

Oko Mùsáfírù kẹ̀! Lọ́dún tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, sọ ajílẹ̀ di ọ̀wọ́ngógó, tí obìnrin yìí ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín àgbàdo lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ta ló ń fi í ṣẹ̀sín pé oko wèrè ló ń dá? Òun náà ni. Ìgbà tí ilẹ̀ padà dúdú, tí ọkọ obìnrin náà sì kú, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé obìnrin kì í jogún ọkọ. Ó gba oko, ó ní kí opó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ọbáfẹ́mi.

"Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, bàbá," Sàúdátù fèsì, kò dáwọ́ dúró. "Mi ò gbé ilẹ̀ yín. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ni mo wá kó."

Mùsáfírù yíjú sí Bàbá Sùlèímọ́nù, olórí ẹbí, pé kó bá a lé e. Àgbàlagbà náà wúkọ́.

"Ilẹ̀ ni ti ẹbí. Ẹni tó bá gbìn ló ni ohun ọ̀gbìn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a."

Àṣà tí wọ́n fi lé opó ló yí padà bù wọ́n jẹ. Ó dùn mọ́ mi nínú, n ò ní purọ́. Sàúdátù fi àdá gé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irun, ó ká ìtàkùn ẹ̀gúsí bí ẹni ká ẹní. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn àlejò dé, Mùsáfírù nìkan ló kù lóòró nínú oko, bí aṣọ́komásùn.

Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ̀gẹ́ náà ní Ọbáfẹ́mi. Sàúdátù ní ó sàn kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́ ju kí Mùsáfírù jẹ ẹ́ lọ. Ní oko Mùsáfírù tó ti wà lásán, òjò bíi mélòó kan gbá erùpẹ̀ dúdú yẹn lọ sódò.

Nígbà tí ọ̀gá agíríìkì padà wá sí abúlé Mùsáfírù, ó kó irúgbìn ọ̀fẹ́ dání, ó ní kí àwọn obìnrin wá gbà á, kí wọ́n gbìn ín sáàárín àgbàdo ọkọ wọn. Kò sẹ́ni tó dìde. Ayọ̀níkẹ́, tí ọkọ rẹ̀ wà lórí àìsàn nílé, ló lanu.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Tí mo bá tún ilẹ̀ yẹn ṣe tán, tí bàbá àwọn ọmọ mi bá wá kú, ta ló máa jẹ ẹ́?"

Ọ̀gá wo àwọn ọkùnrin. Kò sí èyí tó gbójú sókè nínú wọn.