Ọkọ̀ Tààrà Kọjá Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Àìkú ni Aishah fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí Saeedah lórí Wasaapu. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé iṣẹ́ náà mì, kò sì pọ̀ ọ́ títí di àárọ̀ Àtàlátà, nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán láti àná.

"Ìyàwó wa," ni ohùn Aishah ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, "èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ìyá Àgbà ń bọ̀ wá wò ẹ́ níbi iṣẹ́ lọ́la, Àtìní. Wọ́n á dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò Gáà Àkánbí ní aago méje, wọ́n á wọ ọkọ̀ yín bí èrò lásán. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí bó o ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, wé ìbòrí ẹ dáadáa, kó o sì kúnlẹ̀, tó bá ṣeé kúnlẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì."

Aishah ni ẹ̀gbọ́n Naeem, Naeem sì ni ọkùnrin tí Saeedah fẹ́ fẹ́. Yìgì wọn ku oṣù méjì.

Saeedah gbọ́ iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá wá ibi jókòó. Ó rántí igi dóńgóyárò náà. Ó rántí ìyá arúgbó kan nínú hìjáàbù funfun tó na ọwọ́ sókè. Àmọ́ ọkọ̀ tààrà kì í dúró níbẹ̀. Bó bá ti kúrò ní Ọ̀fà Garage, ó di Post Office. Wọ́n kọ ọ́ sára gíláàsì iwájú gàdàgbà. Naeem ló ń wa ọkọ̀. Saeedah, tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé ìtàn àyálò kan wà lórí itan rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti tẹ̀lé ọmọbìnrin inú ìwé náà lọ sí èbúté kan tí òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè tó rí ọwọ́ arúgbó náà lókè, inú rẹ̀ dùn sí i, ó rò pé ó ń kí òun ni. Òun náà na ọwọ́, ó juwọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ̀ kọjá lọ wìì, eruku sì bo hìjáàbù funfun.

Ìyá tó bí bàbá Naeem ló juwọ́ sí bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì méjì ni Àlájì Sàlíhù, àbúrò bàbá Naeem, ní lójú ọ̀nà náà. Tẹ́lẹ̀, méjèèjì ló ń dúró káàkiri. Saeedah ló sọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé kí ọ̀kan máa lọ tààrà, kí èkejì máa dúró-ń-dúró. Gàní ló ń wa dúró-ń-dúró yẹn. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ Gàní. Ọkọ̀ rẹ̀ a dúró kí obìnrin kan lè padà sílé lọ mú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ a dúró níwájú ilé tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, òun fúnra rẹ̀ a bọ́ sílẹ̀ lọ kí bàbá ọmọ, ìyá ọmọ, àti ẹni tó gbé àga wá. Nígbà kan, ọkọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, Gàní sì dúró gbé ewúrẹ́ méjì, ó ní àwọn tó ni wọ́n ń retí wọn ní ilé.

Naeem fẹ́ràn tààrà bí ẹni fẹ́ràn ìyàwó kejì. "Wàláhì," ló máa ń sọ, "bí wọ́n bá ní kí n máa dúró káàkiri, màá kúkú lọ ta àgbàdo."

Ní ìrọ̀lẹ́ Àtàlátà kan náà, lẹ́yìn ìrun Ásírì, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pe Naeem, Saeedah àti Gàní. Orí ẹní ló jókòó sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Àlájì Sàlíhù sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo àjà. Saeedah kúnlẹ̀, ó kí i, ó kí i títí ìkíni fi fẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ta nìyí?" ni Ìyá Àgbà bi Àlájì. "Ṣé gómìnà náà nìyí? Mo dúró jẹ́jẹ́ mi lábẹ́ igi, mo na ọwọ́ sí ọkọ̀ ọmọ mi, ni mo bá rí ẹnì kan tó ń juwọ́ sí mi bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá èrò wà níbẹ̀ tó wá pàdé ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Tó bá jẹ́ ìyá ẹlòmíràn ńkọ́, ó yẹ kẹ́ ẹ bu eruku sí i lójú?"

"Ìyá," ni Naeem sáré sọ, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, "Saeedah ló rí yín. Ojú ọ̀nà lèmi ń wò."

Saeedah yí ojú wò ó.

Gàní, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè, gba ọ̀rọ̀. "Ohun tí mo ti ń sọ nìyí, Ìyá. Bí ọkọ̀ ò bá dúró, báwo la ṣe fẹ́ kí ara wa? Ṣé a ò sí ní Ìlọrin mọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n Gàní," ni Saeedah wí, "àná, àwọn èrò yín kò dé Post Office títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá."

"Wọ́n dé àbí wọn ò dé?"

"Wọ́n dé."

"Ṣé ẹnì kan kú nínú wọn?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ó tán nìyẹn."

Ìyá Àgbà mi orí. "Níbo gan-an ni àwọn èèyàn tiyín ń sáré lọ?"

"Iṣẹ́ ni, Ìyá."

"Iṣẹ́ ò sá lọ. Ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi."

"Iṣẹ́ ò sá, Ìyá, àmọ́ ọ̀gá wọn ń ti géètì. Tíṣà kan wà, Ìbùkún, ará Ọ̀mù-Àrán. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé apẹ́lẹ́yìn, títí tí wọ́n fi sọ pé àwọn máa lé e. Látìgbà tí tààrà ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ mọ́. Ohun tá a kọ sára gíláàsì ló gbà gbọ́ tó fi ń wọ ọkọ̀ wa."

"Ìbùkún yẹn, ó bí mi ni?"

Àlájì Sàlíhù húkọ́. "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ ká ní kó máa dúró fún àwọn àgbà nìkan."

"Ta ló máa ka ọjọ́ orí wọn?" ni Gàní béèrè. "Mo mọ ìyá kan tó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn."

Naeem gbé orí sókè láti orí ilẹ̀. "Ìyá, láti ọ̀la lọ, kò sí igi tí mi ò ní dúró ní ìdí ẹ̀. Bí adìyẹ bá gbé apá sókè, màá dúró."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó fẹ́ lọ ta àgbàdo ṣe jọ̀wọ́ tààrà láàárín ìṣẹ́jú kan. Saeedah wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ bí ewé tí wọ́n se. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ó ṣì fẹ́ràn ẹ̀yìn ọrùn náà gan-an.

"Èmi ò bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo ti mọ tiẹ̀, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Ọmọbìnrin, ìwọ ni mò ń bi, wọ́n ní ìwọ lo gbé tààrà wá. Àtìní tó ń bọ̀, màá wà lábẹ́ igi yẹn ní aago méje. Ọkọ̀ tó o bá wà nínú ẹ̀, ṣé ó máa dúró àbí kò ní dúró? Bó bá máa dúró, màá ṣe àdúrà sí yìgì yín, àlùbáríkà á sì wọ̀ ọ́. Bí kò bá ní dúró, sọ ọ́ fún mi báyìí, kí Sàlíhù má wulẹ̀ wá màlúù kiri."

Naeem ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Àlájì tún ń wo àjà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí, ó sì rọrùn láti sọ. Saeedah mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, òun á dé ilé ọkọ láìsí ariwo, wọn á sì máa dúró lábẹ́ gbogbo igi títí ayé. Ó gbé ojú sókè, ó wo Ìyá Àgbà.

"Ìyá, kò ní dúró. Ọkọ̀ Gàní ló máa gbé yín, mo sì lè bá yín dúró lábẹ́ igi náà títí á fi dé, ní ọjọ́ tí mi ò bá ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ Naeem, mi ò fi pamọ́ fún yín. Àmọ́ tààrà ni mo yàn."