Aṣọ Tí Odò Pa Láró

Ayàwòrán náà kò fi ọ̀dà kan àwọn aṣọ tó gbé kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn àfihàn. Odò ló kùn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń yẹ omi wò ní ilé àyẹ̀wò, ló ri wọ́n sínú odò ní funfun báláú, nísàlẹ̀ páìpù tí ilé iṣẹ́ aláró fi ń da ìdọ̀tí sómi. Kí a má purọ́ fún ara wa, búlúù tó mú jáde rẹwà. Lábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan ni ìgò omi odò kan wà, òkú ẹja sì léfòó nínú rẹ̀.

"Tí Alága ìjọba ìbílẹ̀ bá ti wọlé, ṣí ìgò wọ̀nyí o," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Gbogbo èsì àyẹ̀wò tí mo kó lọ bá a, etí kan ló gbà wọlé, ó gba ìkejì jáde. Òun nìkan ló sì lè ní kí wọ́n ti páìpù yẹn. Jẹ́ kó gbóòórùn ohun tí Bàbá ń gbóòórùn lójoojúmọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Bàbá wọn, apẹja tí kò rí ẹja pa mọ́, kọ̀ láti kúrò létí odò náà. Ní ọjọ́ àfihàn gan-an, ikọ́ rẹ̀ le, ẹ̀gbọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ayàwòrán nìkan ló kù. Ó ṣí ìgò àkọ́kọ́ wò. Obìnrin kan fọwọ́ bo imú, àwọn méjì gba ẹnu ọ̀nà lọ. Ojú gbà á tì. Ẹni tí kò rí èrò rí nídìí iṣẹ́ rẹ̀, tó wá rí wọn rẹpẹtẹ lónìí, ṣé yóò fi òórùn lé wọn ni? Ó yára fún ìdérí náà le. Ó ní tí Alága bá dé, òun á ṣí i.

Alága dé lóòótọ́. "Háà, ẹ wo búlúù!" ló ń wí, àwọn oníròyìn sì ń ya fọ́tò. Orí ayàwòrán wú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdérí.

"Àwọn ìgò wọ̀nyí ńkọ́?"

"Omi... omi odò ni, sà."

"Ó bá aṣọ mu dáadáa. Ṣé o lè ṣe irú ẹ̀ kan fún ọ́fíìsì mi? Kí tiwa tún dúdú ju èyí lọ."

Ó mú ọwọ́ kúrò lórí ìgò. "Mo lè ṣe é, sà."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n pè é láti ilé ìwòsàn, tó ní, "Ó gbóòórùn ẹ̀?", ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé aṣọ funfun kọ́ èjìká, ó gba iwájú ilé Bàbá lọ sódò. Bàbá ti ti ilé ìwòsàn dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wúkọ́.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti fẹ́ ti páìpù yẹn?"

"Wọ́n ń gbé e yẹ̀ wò, Bàbá."

Ìtìjú bò ó, síbẹ̀ kò dúró. Ó rìn dé ẹnu páìpù gan-an, níbi tí omi ti dúdú jù lọ, ó ri aṣọ náà sínú rẹ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má tíì ti páìpù náà títí aṣọ yóò fi mu aró.